Ìran Wo Ni Ká Rà? Ìtàn Hilux Láti Ọdún 1968

Ọ̀rọ̀ tòní kò bẹ̀rẹ̀ nínú kíláàsì. Ilé bàbá ọ̀kan nínú wa ló ti bẹ̀rẹ̀, ní abúlé kan lẹ́bàá Ìdànrè, níbi tí a ti lọ lo ìsinmi ráńpẹ́. Àgbẹ̀ oníkòkó ni Bàbá. Hilux àtijọ́ kan, tí wọ́n rà ní tòkunbọ̀ lọ́dún 1999, ni wọ́n fi ń kó kòkó jáde láti oko. Ọkọ̀ náà ti ṣiṣẹ́ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí kòkó wọ́n, tí tọ́ọ̀nù kan kọjá 12,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2024, Bàbá tọ́jú owó díẹ̀ pamọ́ fún ọkọ̀ mìíràn. Kí ọdún 2025 tó parí, iye yẹn ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdajì. Gbogbo wa mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí: ọkọ̀ kan ṣoṣo ni owó náà lè rà, bí wọ́n bá sì ṣì í rà, owó mìíràn kò sí níbì kankan.

Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti dé. Ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ wa, tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, ní ìran tuntun ni kí Bàbá rà, kí àwọn náà jókòó sínú ohun tó tutù. Bàbá ní àwọn kò fẹ́ ọkọ̀ tí yóò máa tan iná pupa sí àwọn lójú láìsọ ohun tó ń ṣe é. "Irú èyí tí mo ní yìí náà ni kí ẹ bá mi wá." Ni wọ́n bá yíjú sí wa: "Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé, kí ni ìwé yín wí?"

Ìwé wa kò wí nǹkan kan. Yorùbá ni a ń kọ́. A lè sọ fún yín ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí fáwẹ̀lì nígbà ìpajẹ, ṣùgbọ́n èwo ni tiwa nínú jíà àti ṣáàsì? Síbẹ̀, a mọ bí a ṣe ń tọpa ìtàn. A ṣèlérí fún Bàbá pé a ó tọ Hilux láti orírun rẹ̀ wá. Ohun tí a rí ni a kó sílẹ̀ níbí, nítorí ó dá wa lójú pé ilé Bàbá nìkan kọ́ ni wọ́n ti ń ja ìjà yìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ kan. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ a máa di orúkọ kan mú fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn a sì máa pa ara ọkọ̀ náà dà ní ọdún mẹ́fà, mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá sí ara wọn. Ìpààrọ̀ kọ̀ọ̀kan ni a ń pè ní ìran. Hilux ti ní ìran mẹ́sàn-án. (Ìran náà la ń pe ohun tí èèyàn dúró wò. A ó rí i níwájú pé àwọn ọkọ̀ kan wà tí ìtumọ̀ kejì yìí bá mu ju ti àkọ́kọ́ lọ.)

Oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1968 ni àkọ́kọ́ jáde ní Japan. Toyota ló fi orúkọ sí i, ṣùgbọ́n Hino ló tò ó, ní ilé-iṣẹ́ wọn ní Hamura. Ọkọ̀ kékeré ni. Ẹ́ńjìn rẹ̀ kò ju lítà 1.5 lọ, gígùn rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi mítà 4.3. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì tó túmọ̀ sí "gíga" àti "ìgbádùn" ni wọ́n gé mọ́ra wọn láti fi sọ ọ́ lórúkọ; ẹni tó bá jókòó sínú ìran àkọ́kọ́ yẹn yóò máa wá ìgbádùn náà kiri. Ìran kejì dé lọ́dún 1972, ẹ̀kẹta lọ́dún 1978. A kò ní pẹ́ lórí àwọn wọ̀nyí, àfi ká sọ pé inú ìran kẹta ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà pọ̀. Ohun tó wúlò fún oko nìyẹn.

Ní àsìkò kan náà, píkọ́ọ̀pù mìíràn ló gba ilẹ̀ wa. Ilé-iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná lọ́dún 1975. Nígbà tí píkọ́ọ̀pù 504 jáde, òun ni àwọn bàbá wa fi ń kó kòkó, iṣu àti pákó. Mẹkáníìkì tó wà lábẹ́ igi máńgò lè tú u palẹ̀ lówùúrọ̀, kó tò ó padà kí ìrọ̀lẹ́ tó lẹ́. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí òun ni òṣùwọ̀n tí Hilux bá nílẹ̀ nígbà tó dé.

Ìran kẹrin, ti 1983, àti ìkarùn-ún, ti 1988, ni ìran tí Bàbá fẹ́ràn. Ìkarùn-ún gan-an ni tiwọn. A fẹ́ dúró díẹ̀ lórí wọn.

Ohun tó mú wọn lágbára ni pé wọn kò ní ohun púpọ̀ nínú. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi táyà mẹ́rin fà nígbà náà, ọ̀pá irin kan gbọọrọ ló so táyà iwájú méjèèjì pọ̀, sípíríǹgì wọn sì jẹ́ irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra wọn bí ewé. Ẹ́ńjìn onípẹtiróòlù ń fi kábúrétọ̀ mu epo. Onídísù kò fẹ́ iná mànàmáná púpọ̀ rárá lẹ́yìn tó bá ti tan. Kò sí kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìtàn méjì ló sọ ìran wọ̀nyí di gbajúmọ̀. Ọ̀kan ṣẹlẹ̀ ní Chad lọ́dún 1987. Àwọn ọmọ ogun Chad gbé ohun ìjà tó ń fọ́ ọkọ̀ ogun sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù Toyota, Hilux àti Land Cruiser, wọ́n sì fi eré sísá ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun Líbíyà tó ní ọkọ̀ ogun onírin ńláńlá. Ní Fada, ní ọjọ́ kejì oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún náà, ni ìṣẹ́gun ńlá àkọ́kọ́ ti wáyé. Títí dòní, Ogun Toyota ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe ìtàn tó yẹ kí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ fi yangàn, nítorí èèyàn ló kú níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wá ẹ̀rí pé ọkọ̀ kan lè fara da yanrìn àti oòrùn, ẹ̀rí nìyẹn.

Ìkejì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Lọ́dún 2003, ètò Top Gear ti BBC mú Hilux onídísù kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 1988. Wọ́n so ó mọ́ etí òkun kí omi bò ó, wọ́n dáná sun ún, wọ́n fi irin ńlá lù ú, níkẹyìn wọ́n gbé e sórí ilé gíga kan tí wọ́n fẹ́ wó, wọ́n sì wó ilé náà tòun tòun. Ọkọ̀ náà ṣì tan. Gbogbo ayé ń pariwo pé ọkọ̀ yìí kì í kú. Àwa wò ó títí, ohun mìíràn ni ojú wa gbé. Lẹ́yìn tó jáde nínú òkun, mẹkáníìkì kan ló fi irinṣẹ́ lásán tún un ṣe, láìra ẹ̀yà tuntun fún ẹ́ńjìn rẹ̀. Ẹ gbìyànjú ìyẹn pẹ̀lú ọkọ̀ tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti mu omi iyọ̀ yó. Ọkọ̀ náà lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó gbà á là ni pé ọwọ́ èèyàn lásán tó o.

Òótọ́ ni Bàbá ń sọ, nígbà náà. Ṣùgbọ́n òótọ́ ọdún 1988 ni. Èyí tó kéré jù nínú ìran karùn-ún ti sún mọ́ ọgbọ̀n ọdún báyìí. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àkísà gan-an ni ohun tí èèyàn ń rà bó bá ra èyí tó kù nílẹ̀. Kò sí àpò afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde gba èèyàn mú nínú ọ̀pọ̀ wọn. Wọ́n sì ti paná púpọ̀ nínú wọn, wọ́n ti tún wọn jó, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà lábẹ́ ọ̀dà.

Kí a tó dé àwọn ìran òde òní, ẹbí Hilux kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fò. Láti ọdún 1964 ni Amẹ́ríkà ti ń gba owó orí ìdá márùn-ún-lé-lógún nínú ọgọ́rùn-ún lórí ọkọ̀ akẹ́rù kéékèèké tó bá ti ilẹ̀ òkèèrè wọlé. Ẹran adìyẹ ló fà á: Yúróòpù bu owó lé adìyẹ Amẹ́ríkà, Amẹ́ríkà náà sì fi ọkọ̀ gbẹ̀san. (Ẹ ò rí i pé ẹsẹ̀ adìyẹ lè gùn.) Nígbà tó ṣe, Toyota kúkú ṣe píkọ́ọ̀pù ọ̀tọ̀ fún àwọn ará Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1995, Hilux kúrò níbẹ̀, Tacoma gba ipò rẹ̀. Èyí kàn wá nítorí pé púpọ̀ nínú tòkunbọ̀ wa láti Amẹ́ríkà ló ń bọ̀, ẹni tó bá sì ń wá píkọ́ọ̀pù yóò pàdé Tacoma.

Ìlú tí òjò dídì ti ń rọ̀ ni ọ̀pọ̀ Tacoma ti lo ìgbà èwe wọn. Iyọ̀ ni wọ́n ń dà sí títì níbẹ̀ kí yìnyín lè yọ́. Iyọ̀ yẹn àti ìpáàrà jọ jẹ ṣáàsì ọ̀pọ̀ wọn títí ó fi lu. Lọ́dún 2008, Toyota fún àwọn tó ra Tacoma ti 1995 sí 2000 ní àtìlẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí ṣáàsì. Lọ́dún 2016 ni wọ́n gbà láti yanjú ẹjọ́ tó kan nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.5 ọkọ̀, Tacoma ti 2005 sí 2010 pẹ̀lú Tundra àti Sequoia díẹ̀, tí owó rẹ̀ lè tó bílíọ̀nù 3.4 dọ́là. Orúkọ rere tí Toyota ní kò dá iyọ̀ dúró. Tí wọ́n bá bi ọmọ kan tó ń jẹ́ Tòkunbọ̀, inú ìdílé máa ń dùn, kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè òkun tó ti bọ̀. Ti ọkọ̀ yàtọ̀: ó yẹ ká béèrè ìlú tó gbé, bí wọ́n ṣe lò ó, àti ohun tó rọ̀ lé e lórí.

Ìran kẹfà dé lọ́dún 1997. Ọkọ̀ dáadáa ni, a kò sì ní ohun púpọ̀ láti sọ nípa rẹ̀.

Ìran keje ló yí nǹkan padà. Toyota pinnu láti fi ìpìlẹ̀ kan náà ṣe píkọ́ọ̀pù, ọkọ̀ ìdílé àti jíìpù, kí wọ́n sì máa tò wọ́n ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi Thailand, Ajẹntínà àti Gúúsù Áfíríkà, kì í ṣe ní Japan. Oṣù Ògún ọdún 2004 ni Hilux ìran keje jáde ní Thailand. Japan tó bí Hilux kò tilẹ̀ ta ìran yìí rárá. Ọdún 2017, pẹ̀lú ìran kẹjọ, ni Hilux tó padà sílé. Fún ọdún mẹ́tàlá, ọmọ Japan tó bá fẹ́ rí Hilux tuntun gbọ́dọ̀ rìnrìn àjò. Nítorí náà, àwọn ìlú tó gbóná, tí títì wọn kò dára, ni wọ́n ń rò nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Ọkọ̀ náà gbòòrò, ó gùn ju ti àtijọ́ lọ dáadáa. Oníkábínì méjì rẹ̀ kọjá mítà 5.2. Níwájú, ọ̀pá gbọọrọ ti lọ, táyà kọ̀ọ̀kan ń dá fò. Lẹ́yìn, sípíríǹgì bí ewé ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe wà lọ́dún 1968.

Ìran keje gan-an ni ìgbà tí kọ̀ǹpútà fìdí múlẹ̀ nínú Hilux. Ó ń darí epo, ó ń darí iná. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìn onípẹtiróòlù lítà 2.7 tí wọ́n fi sínú rẹ̀ jẹ́ ẹ́ńjìn jẹ́ẹ́, oní-sìlíńdà mẹ́rin, irú rẹ̀ náà ni wọ́n sì tún fi sínú ìran kẹjọ lẹ́yìn tí wọ́n tún un ṣe díẹ̀. Èyí yà wá lẹ́nu. A ti rò pé ààlà tó wà láàárín "àtijọ́" àti "tuntun" mọ́ kedere, àṣé ọkàn kan náà ló ń lù nínú àwọn méjèèjì.

A gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì kan ní Ìbàdàn. A kí wọn, a jókòó sórí táyà, a sì béèrè. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ti tẹ́lẹ̀, mo máa ń fi etí gbọ́ àìsàn rẹ̀. Ti àárín yìí, mo máa ń fi etí gbọ́ ọ, màá sì tún fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tó dé kẹ́yìn, bí ẹ̀rọ kò bá bá a sọ̀rọ̀, èmi náà á dákẹ́." A wá ní kí wọ́n jẹ́ ká kọ ọ́ sílẹ̀. Ìpínyà ìran tó wà lẹ́nu wọn dá wa lójú ju ti ìwé ilé-iṣẹ́ lọ.

Ìran kẹjọ jáde ní oṣù Èbìbí ọdún 2015, ní Bangkok àti ní Sydney lọ́jọ́ kan náà. Ẹ jẹ́ ká ṣòótọ́ fún ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ wa: ohun tó ń sọ ní ìdí. Ṣáàsì rẹ̀ nípọn ju ti ìran keje lọ. Bíréèkì àti àwọn ohun ààbò rẹ̀ pọ̀ sí i. Nígbà tí àwọn Euro NCAP dán an wò lọ́dún 2016, ìràwọ̀ mẹ́ta ló gbà, èyí tó bá ní àfikún ohun ààbò sì gba márùn-ún. Bàbá ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, òpópónà Ìdànrè sí Àkúrẹ́ ní kọ́nà. Ọmọ tó bá ní kí bàbá òun má kú sínú ọkọ̀ kò ṣẹ̀. Àmọ́ ààbò tuntun náà ní ibi tó mọ: ìwé ìròyìn Teknikens Värld ti Sweden fi Hilux sá yí ohun ìdènà ká lójijì, ìran keje kùnà lọ́dún 2007, ìran kẹjọ sì fi táyà méjì dúró lọ́dún 2016 kí Toyota tó wá nǹkan ṣe sí i. Ọkọ̀ gíga, ọkọ̀ gíga náà ni, ìran yòówù kó jẹ́.

Ọ̀rọ̀ onídísù ìran kẹjọ ló bà wá lẹ́rù. Àwọn kan nínú wọn ní asẹ́ kan nínú páìpù èéfín tó ń mú ẹ̀gbin dúró, tí ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ máa jó mọ́ fúnra rẹ̀. Ní Ọsirélíà, asẹ́ yìí dí lára àwọn tí wọ́n tà láti 2015 sí 2020. Ó ju 260,000 ọkọ̀ lọ tí ọ̀rọ̀ náà kàn, Hilux, Fortuner àti Prado. Àwọn oníbàárà gbé Toyota lọ sílé ẹjọ́. Wọ́n jàre ní 2022, ẹjọ́ náà sì dé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ níbẹ̀ ní 2024 lórí iye owó ìtanràn. Dísù tó mọ́ ni ilẹ̀ wọn ń lò o! Ní Yúróòpù, ìmí-ọjọ́ inú dísù kò gbọ́dọ̀ ju ìwọ̀n 10 nínú mílíọ̀nù kan. Ẹni tó bá ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní tòkunbọ̀ láti Yúróòpù, tó wá ń bu dísù inú kẹ́ẹ̀gì sí i lójú ọ̀nà oko, asẹ́ náà ni yóò kọ́kọ́ sọ fún un pé òun kò gbà. Iná pupa tí Bàbá ń sá fún nìyẹn.

Ìran kẹsàn-án ti jáde ní Bangkok ní oṣù Bélú ọdún 2025, oníbátìrì wà nínú rẹ̀. Iwájú rẹ̀ dùn ún wò. Ìran wíwò ni fún àwa, ìran rírà kọ́.

Owó epo náà tún wà ńlẹ̀. Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Èbìbí ọdún 2023, lítà pẹtiróòlù kan kò tó ₦200. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó ti tó nǹkan bíi ₦500, ní ìparí 2024 ó ti kọjá ₦1,000. Ìran keje tún ní ẹ́ńjìn lítà 4.0, oní-sìlíńdà mẹ́fà. Àwọn tó ń lò ó ní ó dùn. Àwọn náà ló ń ra epo rẹ̀. Kí Bàbá má ṣe sún mọ́ ọn.

Ẹrù náà ńkọ́? Àpò kòkó mẹ́rìndínlógún ló ń di tọ́ọ̀nù kan. Ẹ̀yìn oníkábínì méjì gùn tó nǹkan bíi mítà 1.5, ti oníkábínì kan ju mítà méjì lọ. Ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ wa fẹ́ kábínì méjì nítorí ọjọ́ ìsinmi àti ọjọ́ òde. Àpò kòkó kì í lọ sóde. Bí wọ́n bá ra oníkábínì méjì, wọ́n ń fi ìjókòó tí yóò ṣófo ní ọjọ́ mẹ́fà nínú ọ̀sẹ̀ gba ipò àwọn àpò náà.

Ìmọ̀ràn tí a fi ránṣẹ́ nìyí, ọ̀kan nínú wa kò sì fọwọ́ sí i. Ó ṣì ń sọ pé ààbò ló yẹ kó ṣáájú. Àwa yòókù ní kí Bàbá gbàgbé ìran karùn-ún, kí ẹ̀gbọ́n sì fi ìran kẹjọ sílẹ̀ fún ìgbà tí òun náà bá fẹ́ ra tirẹ̀. Kí wọ́n wá ìran keje tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 2011, oníkábínì kan, onípẹtiróòlù lítà 2.7, tó ní àpò afẹ́fẹ́ àti bíréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà gan. Ẹ̀yà ara rẹ̀ kún Aráròmí ní Géètì àti Ládípọ̀ l'Ékòó, ọ̀gá wa sì ṣì ń fi etí gbọ́ àìsàn rẹ̀. Kò ní tutù tó bí ẹ̀gbọ́n ṣe fẹ́, kò sì ní jẹ́ ọ̀rẹ́ àtijọ́ tí Bàbá fẹ́.

Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán lórí fóònù. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé ìyẹn náà ní iná pupa?" A ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, ó ní i, ṣùgbọ́n ọ̀gá mọ ohun tó ń wí. Wọ́n ní ká bá àwọn wo ọ̀kan tí wọ́n ń tà ní Ìbàdàn. Ọ̀gá ti ní ká mú aṣọ tí a kò fẹ́ mọ́ wá lọ́jọ́ Sátidé, ká sì mú òòlù kékeré kan dání. Abẹ́ ọkọ̀ ni a ó kọ́kọ́ wọ̀, a ó máa kan ṣáàsì náà díẹ̀díẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Wọ́n ní ibi tí irin bá ti le yóò dún, ibi tí ìpáàrà bá sì ti jẹ yóò dáhùn bí igbá tó fọ́.